Ohun Tí Akóredé Fi Sínú Láàpútọ́ọ̀pù Àáfà

Ní Ìyànà Ọ̀fà, bí kọ̀ǹpútà bá ti kọ̀ tí kò tan, orúkọ Akóredé ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, láàárín ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò sí àti ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu láràárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ a máa yà síbẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì, àwọn tíṣà a máa gbé ìbéèrè ìdánwò wá kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè ní "ọ̀gá". Wíńdóòsì tó ń gbé lé kọ̀ǹpútà fún wọn ni.

Ẹni tó bá ti lo kọ̀ǹpútà rí mọ̀ pé tí kò bá ní Wíńdóòsì tàbí ohun tó jọ ọ́ nínú, àpótí lásán ni. Kò ní kọ̀wé, kò ní fi àwòrán hàn, kò ní kọrin. Títà ni àwọn tó ṣe Wíńdóòsì ń tà á, owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí tíṣà abúlé lè yọ sílẹ̀ lọ. Akóredé kò rà á rí láyé rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ló wà nínú fíláṣì kékeré kan tó máa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní kíráàkì. Iṣẹ́ kíráàkì ni kó parọ́ fún Wíńdóòsì pé wọ́n ti san owó rẹ̀. Bí ó bá ti parọ́ náà tán, Wíńdóòsì á gbà, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Akóredé kò ka èyí sí olè. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn ló ti bá a bẹ́ẹ̀, ọ̀gá náà sì bá a lọ́dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ bi í, ìdáhùn rẹ̀ ti wà lẹ́nu: "Bí o bá jí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ, ewúrẹ́ rẹ̀ á dín. Ta ló rí Wíńdóòsì tó dín lọ́wọ́ àwọn tó ni ín?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni.

Ohun kan wà tí kì í sọ fún wọn délẹ̀délẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú Wíńdóòsì tó máa ń lé fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn àrùn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í fẹ́ rí kíráàkì sójú. Bó bá ti rí i, ariwo ni. Nítorí náà, kí Akóredé tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́nu mọ́. Bí oníbàárà bá rí i tó sì béèrè ìdí, á ní, "Òjòwú ni. Ẹ má dá a lóhùn."

Nínú gbogbo àwọn tó mọyì Akóredé, kò sí èyí tó fẹ́ràn rẹ̀ tó ìdílé Àáfà Yésúfù. Àáfà ló kọ́ ọ ní kéwú nígbà tó wà ní kékeré, Àáfà náà ló sì so yìgì Akóredé àti Fàdìlàt, ìyàwó rẹ̀. Wàásí Àáfà kò láfiwé ní gbogbo Lágelú. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì rọ̀. Á dẹ́rìn-ín pa èèyàn títí, lẹ́yìn náà lá wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò bá olúwarẹ̀ dé orí ẹní. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Àáfà kú, àpótí kásẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àsmá'ù, ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Àsmá'ù, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ tíṣà, ló kó àpótí náà wá bá Akóredé. "Bọ̀dá Akóredé, òmíràn ti ń já nínú wọn. Ṣé ẹ lè bá wa kó ohùn bàbá mi sínú láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí?"

Akóredé gbà, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó gbé Wíńdóòsì oníkíráàkì lé láàpútọ́ọ̀pù náà bó ti máa ń ṣe. Ó fara balẹ̀ ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi wọlé. Ọjọ́ tó gbé láàpútọ́ọ̀pù náà lọ fún wọn, tó tẹ nǹkan kan tí ohùn Àáfà sì dún jáde kedere láàárín agbolé, Ìyá Àsmá'ù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n sì súre fún un.

"Kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ńkọ́?" ni Àsmá'ù bi í.

"Kásẹ́ẹ̀tì ti di nǹkan àtijọ́," ni Akóredé fi tayọ̀tayọ̀ dáhùn. "Ẹ kó wọn dànù. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbí."

Nígbà tí wọ́n ń sun ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n da àpótí náà sí i. Láti ìgbà náà, bí Ìyá Àsmá'ù bá ń bó ẹ̀gúsí, àfi kí wọ́n bá wọn tan Àáfà.

Kò pẹ́ sí àsìkò yìí ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnúolúwa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Ọmọ Ìyànà Ọ̀fà ni òun náà. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ìyá rẹ̀ ń lọ, ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n sì ń tà lọ́jà. Ó ti kàwé, ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kó tó wá wò ó pé kí òun padà sílé. Ó gbé pátákó kan síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sí i pé: WÍŃDÓÒSÌ TÒÓTỌ́ FÚN ẸNI TÓ LÈ RÀ Á. LÍNÚÙSÌ LỌ́FẸ̀Ẹ́ FÚN GBOGBO ÈÈYÀN.

Akóredé mọ Línúùsì. Iṣẹ́ tí Wíńdóòsì ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà ni òun náà ń ṣe, àmọ́ àwọn tó ṣe é kò tà á. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú un, kó sì fún ẹlòmíràn. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí òun lè rí jẹ lórí nǹkan tí wọ́n ń fi tọrẹ. Nígbà tí tíṣà kan ní òun fẹ́ dán an wò, Akóredé wò ó tàánú-tàánú.

"Ohun tó bá dára, ṣé wọ́n máa ń há a fúnni ni? Kọ̀ǹpútà wòlíì nìyẹn o. Ẹ máa gbààwẹ̀ kó tó ṣí."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Akóredé nínú débi pé ó tún un sọ fún àwọn ọlọ́kadà. Láìpẹ́, "kọ̀ǹpútà wòlíì" ti di orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí Ìtùnúolúwa ń tà. Ó ń gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti ń rìn bí ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì lọ bá a, wọn kò sì padà.

Ní ọjọ́ kan tí Akóredé lọ sí ìsọmọlórúkọ àwọn àna rẹ̀ ní Akínyẹlé, láàpútọ́ọ̀pù Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àsmá'ù kò lè dúró dè é. Ó gbé e sọdá. Ìtùnúolúwa yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e padà fún un láìfọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Àǹtí, kíráàkì wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ti sùn. Ohùn Bàbá tó wà nínú rẹ̀ yìí, ṣé ó wà níbòmíràn? Ẹ jẹ́ kí n kó o pamọ́ sí ibì kan, kí n sì pààrọ̀ nǹkan yìí fún yín."

Àsmá'ù ní òun á kọ́kọ́ bi Bọ̀dá Akóredé.

Inú bí Akóredé nígbà tó gbọ́. Ọmọ àná ni yóò máa tún iṣẹ́ òun ṣe? Ó gba láàpútọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ Àsmá'ù, ó fọ gbogbo inú rẹ̀, ó gbé Wíńdóòsì tó tuntun ju ti àkọ́kọ́ lọ lé e. Wíńdóòsì tuntun yìí kò gba kíráàkì àtijọ́, nítorí náà ó wá òmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì kó o sínú fíláṣì rẹ̀. Kò mọ ẹni tó ṣe é, kò mọ ìdí tí onítọ̀hún fi gbé e síta fún gbogbo ayé. Ó pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ bó ti máa ń ṣe, ó da wàásí Àáfà padà sínú rẹ̀, ó sì nu ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kúrò kí àyè lè wà fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Láàpútọ́ọ̀pù náà ń sáré bí ẹṣin. Ó gbé e fún Àsmá'ù tàyà-tàyà.

Oṣù kò tíì pé tí Àsmá'ù fi gbé e padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìyá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ló kún ojú láàpútọ́ọ̀pù náà, pupa fòò. Akóredé kà á. Fáírọ́ọ̀sì tí ń ṣe bíi ti ajínigbé ni. Ó ti ti gbogbo ohun tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù mọ́lé, ó wá ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Akóredé tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Orúkọ àwọn wàásí náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dún.

Ìyá Àsmá'ù wò ó lójú. Àwọn oníbàárà dúró yí wọn ká, ọlọ́kadà méjì pẹ̀lú ti yọjú wọlé.

"Akóredé, ohùn ọkọ mi dà?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó ti ń fura. Ọkàn rẹ̀ ti sáré dé ọ̀dọ̀ kíráàkì tuntun yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò ó, orúkọ "ọ̀gá" náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Ṣé ẹ ò gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin ọ̀hún nígbà kan?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó kàn béèrè ìbéèrè ni. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìdí iṣu, ó ti dé ọjà, ó ti wọ mọ́sálásí: ọmọ aláṣọ funfun ti ba wàásí Àáfà Yésúfù jẹ́.

Ojúmọ́ kejì, inú gọ́tà ni wọ́n ti rí pátákó Ìtùnúolúwa. Àwọn tó ti sọdá títì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá padà. Ẹnì kan sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jà pé òun kò jẹ ẹ̀kọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ẹ̀sìn. Léèmọ́ọ̀mù gbọ́, wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ wí, wọ́n ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀sìn mu. Àmọ́ ẹyin lohùn.

Akóredé kò lè fara dà á láìmọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi fíláṣì rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti ṣe é fún láàpútọ́ọ̀pù Àáfà, ó sì fi í sílẹ̀. Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ó kírun àárọ̀ dé lọ́jọ́ kan, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bá ojú kọ̀ǹpútà náà pupa fòò, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan náà.

Ó fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ìtìjú tó bá a, kì í ṣe irú èyí tí ń mú èèyàn gbóná lójú kó sì kọjá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wọ aṣọ tó ya lẹ́yìn lọ síta: òun nìkan ló mọ̀, síbẹ̀ gbogbo ojú tó bá yíjú sí i ló dà bíi pé ibẹ̀ ló ń wò. Láti ọjọ́ náà, kò dúró ní sáàfù iwájú mọ́ ní mọ́sálásí. Ẹ̀yìn pátápátá ló ń dúró sí, nídìí bàtà.

"Bàbá Zubaidah, ẹ ò jẹun dáadáa mọ́," ni Fàdìlàt sọ.

"Òtútù ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, Ìtùnúolúwa sọdá títì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"O ṣé o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Fíláṣì tí ẹ fi ń gbé Wíńdóòsì lé kọ̀ǹpútà ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni mọ́. Tíṣà kan gbé tirẹ̀ wá bá mi láti Lálúpọn. Ohun tó ṣe ti Àáfà ló ṣe é. Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ti ṣe Wíńdóòsì."

"Ta lo ti sọ fún?" Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Mo ní kí n kọ́kọ́ bá yín sọ ọ́."

"Fíláṣì mi mọ́ tónítóní," ni Akóredé wí.

Ojú Ìtùnúolúwa ti kọjá èjìká Akóredé lọ sí kọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni Akóredé rántí pé òun kò pa kọ̀ǹpútà àlòkù náà. Ó wà níbẹ̀, ó pupa fòò. Akóredé sún díẹ̀ sọ́wọ́ òsì kó lè fi ara bò ó. Àgbàlagbà ọkùnrin, bàbá ọmọ, ó ń fi ikùn bo kọ̀ǹpútà bí ọmọ tó fi ẹran pamọ́ sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin náà rí i pé ó sún. Ó rẹ ojú sílẹ̀.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ọjà."

Ó padà sọdá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wá kó tábìlì àti àga rẹ̀. Wọ́n ní Alákìá ló ń kó lọ. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń kọjá, ó juwọ́ sí Akóredé. Akóredé gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

Ó sọ fíláṣì náà sínú iná. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kọ̀ǹpútà wá, á ní iná kò dára, kí wọ́n padà wá. Irọ́ kan ń bí òmíràn lọ báyìí títí ọdún fi yí po tí Àáfà ti kú, tí wọ́n sì pe àwọn èèyàn jọ fún àdúrà.

Agbolé kún. Wọ́n ké Kùránì tán, Léèmọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ṣókí. Wọ́n ní ìbá dùn mọ́ àwọn ká ní ohùn Àáfà fúnra rẹ̀ ni àwọn ń gbọ́ lónìí. Ìyá Àsmá'ù gbé orí sókè níbi tí wọ́n jókòó sí láàárín àwọn obìnrin. Ohùn wọn kò ga.

"Ẹni tó ba ohùn ọkọ mi jẹ́, Ọlọ́run á fi hàn án."

"Àmín," ni gbogbo agbolé wí. Akóredé náà ṣe àmín. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ohùn àwọn tó kù. Bí àmín ọ̀hún ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni kò lè jókòó mọ́. Ó dìde.

"Èmi ni."

Àwọn tó wà nítòsí rò pé ó fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá ni. Ó tún un wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Kì í ṣe Ìtùnúolúwa. Kíráàkì tí mo fi sí Wíńdóòsì yẹn ló gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Mo pa áńtífáírọ́ọ̀sì…"

Wọ́n ń wò ó. Kò yé wọn. Bàbá àgbẹ̀ kan fi ọwọ́ sẹ́tí. Léèmọ́ọ̀mù ní, "Fara balẹ̀, Akóredé. Kí ni kíráàkì?"

"Sọ́fítíwíà ni, ẹ̀yin bàbá. Ó máa ń jẹ́ kí… ó máa ń mú kí Wíńdóòsì gbà pé…"

"Ṣé àrùn ni àbí ẹ̀rọ?" ni bàbá àgbẹ̀ náà béèrè.

Akóredé wo ojú wọn yíká. Ó rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òun, gbogbo èyí tó ti ń fi ṣe ọ̀gá láti ọjọ́ yìí, aṣọ ló jẹ́, òun sì tún ń wá aṣọ ọ̀hún fi bora níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí yóò yé gbogbo wọn.

"Ẹrù olè ni," ló wí. "Ẹrù olè ni mo ń tà fún yín. Òun ni mo gbé wọ ilé Àáfà, olè mìíràn sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ti kìlọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí ẹ lé e."

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gba ọwọ́ Akóredé kọjá.

"Olè kẹ̀? Akóredé, má bú wa mọ́ ara rẹ. Gbogbo wa la ń lò ó. Ta la jí i lọ́wọ́ rẹ̀? Òyìnbó tí kò mọ̀ wá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìtura. Akóredé rí i pé bí òun bá bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò parí síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Léèmọ́ọ̀mù náà kò rẹ́rìn-ín.

"Àáfà Yésúfù kì í ṣe òyìnbó," ni Léèmọ́ọ̀mù wí, ẹ̀rín náà sì kú.

Ìyá Àsmá'ù ní, "Èmi ni mo da kásẹ́ẹ̀tì síná."

"Èmi ni mo ní kí ẹ kó wọn dànù, ìyá."

"Mo gbọ́." Wọ́n tún ìborùn wọn fà, wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Wọn kò ṣépè, wọn kò sì ní àwọn darí jì í. Akóredé ìbá fẹ́ kí wọ́n ṣépè.

Ó ṣe ohun tó lè ṣe. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń fi wàásí ránṣẹ́ síra wọn lórí Wọ́sáàpù, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti abúlé dé abúlé, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jẹ́ kí òun wo inú fóònù wọn. Ó dé Lálúpọn, ó dé àwọn oko tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó rí kò tó nǹkan: ibi tí Àáfà ti ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n, tí ariwo ọ̀kadà sì bo ìparí ọ̀rọ̀ náà, àdúrà ìsọmọlórúkọ kan, ìbẹ̀rẹ̀ tàfúsìrì, ìyẹn ìtumọ̀ Kùránì, tí kò dé àárín. Ó kó wọn jọ, ó gbé wọn lọ sílé Àáfà. Ẹnu ọ̀nà ni Àsmá'ù ti gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́. Kò ní kó wọlé.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ti ní kó gbé Wíńdóòsì aláìsanwó lé kọ̀ǹpútà, ó ń kọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́sí yẹn wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ti di wòlíì nìyẹn," ó sì gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà lápá òkè títì. Ọbẹ̀ ilé Akóredé di ọbẹ̀ aláìlẹ́ran. Fàdìlàt kò ráhùn nípa ìyẹn. Nǹkan mìíràn ló béèrè.

"Bàbá Zubaidah, ẹ ti bẹ Ìyá Àsmá'ù, ẹ ti bẹ ìlú. Ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ lé kúrò nílé ńkọ́?"

Akóredé ti ń sá fún ìbéèrè yìí. Lójú gbogbo èèyàn ní agbolé, ó kúkú lè sọ ọ́. Àwọn yẹn kò rí i nígbà tó ń fi ikùn bo kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀ ó lọ. Ó rí ṣọ́ọ̀bù Ìtùnúolúwa ní Alákìá, ní ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró dè é. Ó dìde nígbà tó rí Akóredé, ó kí i, ó wá àga fún un. Akóredé kò jókòó. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì má baà gbọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìyànà Ọ̀fà. Bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ni ọkọ̀ òfurufú kan gbéra, ó gba orí òrùlé kọjá, gbogbo páànù ń gbọ̀n. Akóredé ń sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì.

Ìtùnúolúwa fi ọwọ́ sẹ́tí. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ yín."

Ariwo náà kò tíì lọ tán. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti yíjú sí wọn. Akóredé gbé ohùn sókè.

"Mo ní mo ba orúkọ rẹ jẹ́! Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́, mo sì dákẹ́! Mo wá bẹ̀ ọ́ ni!"

Bó ti ń sọ èyí tó kẹ́yìn ni ọkọ̀ òfurufú náà ti jìnnà, ohùn rẹ̀ sì dá dún láàárín ṣọ́ọ̀bù bí igbe. Ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì wúkọ́. Ìtùnúolúwa wolẹ̀.

"Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ sọ ọ́ níbi àdúrà Àáfà," ló wí. "Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń retí kí ẹ wá."

"Padà wálé. Èmi fúnra mi ni màá tún pátákó rẹ gbé nàró."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi ti balẹ̀ níbí. Màmá mi ló ń dùn mí. Títí di òní, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n sọ nǹkan. Àwọn ni kí ẹ lọ bẹ̀."

Akóredé ní òun yóò lọ. Ó wá béèrè, bíi pé iṣẹ́ ọmọdé ló ń tọrọ, bóyá ó lè fún òun ní Línúùsì, kó sì fi bí wọ́n ṣe ń gbé e lé kọ̀ǹpútà han òun. Ìtùnúolúwa fa àga mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó fi hàn án pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìkánjú, lójú gbogbo oníbàárà rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí Akóredé bi í pé kí lòun yóò fi fún un, ó ní, "Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ó wà lára pátákó."

Nígbà tí ó dé Ìyànà Ọ̀fà, kò yà sílé. Ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ tààrà sí ilé ìyá Ìtùnúolúwa. Ó bá wọn níta, wọ́n ń sá sùtánà funfun sórí okùn. Wọ́n yíjú, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, mà. Èmi ni Akóredé."

"Mo mọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n fi píìnì kan di sùtánà mú, wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan jáde, wọ́n tún bu omi tútù wá nínú kọ́ọ̀pù. "Jókòó. O ti rìn."

Akóredé kò lè jókòó sórí àpótí náà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Kò múra sílẹ̀ fún omi. Ó di kọ́ọ̀pù náà mú fún ìgbà pípẹ́. Ìyá náà dúró, wọ́n ń retí kó mu ún kó tó sọ ohun tó bá wá. Nígbà tó yá, ó mu ún.